Bẹ́ńṣì Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lófìfo

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀dà. Mo kúnlẹ̀ kí yín lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì náà ti gbó débi pé ilẹ̀ gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí. Ṣé ẹ̀yìn ò dùn yín mọ́? Ẹ bá mi kí Káfíńtà tí ẹ jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní mo ní kó yé ki ìṣó sẹ́nu bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ ò fẹ́ràn fóònù, ẹ ní ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn ló ti máa ń já. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ìròyìn wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ń lọ lókè òkun níbí. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn yìí kan náà ni mo ṣì wà: aṣọ ibùsùn láàárọ̀, aṣọ dókítà lọ́sàn-án, ooru ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé mo sọ fún yín lọ́dún tó kọjá pé mo ra ọ̀dà? Ọ̀dà olómi tí wọ́n ń pè ní akírílíìkì ni, inú ike tó dà bíi ti ọṣẹ ìfọyín ló máa ń wà. Omi la fi ń pò ó, kíá ló máa ń gbẹ, bó bá sì ti gbẹ, omi ò rí i gbé ṣe mọ́. Ìgbà ìsinmi ọ̀sán ni mo máa ń yàwòrán, nínú ilé ìkàwé tó wà lódìkejì títì, torí pé ibẹ̀ dákẹ́, tábìlì ibẹ̀ ò sì mì.

Mi ò ya nǹkan ńlá. Àwòrán tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni. Ohun tí ojú mi bá rí ni mò ń yà: ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ lẹ́yìn òjò, òdòdó tí ẹnì kan gbàgbé sórí ìjókòó ọkọ̀, pápá tí mo máa ń gbà kọjá lọ́jọ́ tí mi ò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá tó ń tọ́jú ilé ìkàwé náà wá dúró sẹ́yìn mi. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi jáde nítorí ọ̀dà ni. Ó ní, "Mélòó lo ti ní báyìí?" Mo ní mẹ́jọ. Ó ní kí n yà á pé méjìlá, pé òun máa gbé wọn kọ́ sára ògiri ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà kí àwọn ará àdúgbò wá wò ó. Bàbá! Èmi tí mò ń fọṣọ! Mo dúpẹ́ dúpẹ́ títí ó fi ní kí n rọra, pé ilé ìkàwé la wà.

Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín, ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ọ̀gá ni kí ẹ fi wò ó, ẹ má fi ojú bàbá wò ó. Láti ìgbà tí mo ti ń bá yín fọ búrọ́ọ̀ṣì ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń dúró de ọjọ́ tí ẹ máa wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, tí ẹ máa ní, "Ó dáa." Ẹ ò tíì sọ ọ́ rí.

Èmi ni ọmọ yín tí ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán ọṣẹ,
Pẹ́ńsùlù


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Pẹ́ńsùlù mi, ọmọ tó kọ̀ láti sanra láti kékeré,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú ooru ẹ̀rọ. Mo gba lẹ́tà rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì kà á: ẹ̀ẹ̀kan fún ara mi, ẹ̀ẹ̀kan fún Káfíńtà, ẹ̀ẹ̀kan fún obìnrin tó wá gba sáìnbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀, tí kò sì ní kí n kà á fún òun. Ẹ̀yìn mi ti fúyẹ́. Káfíńtà ní kí n sọ fún ọ pé ìṣó tó wà lẹ́nu òun ni kò jẹ́ kí òun tú gbogbo àṣírí mi fáyé.

Mo ti wo àwòrán náà. Mo wò ó níta, mo wò ó ní yàrá, mo fi jígí ojú wò ó, mo bọ́ jígí mo tún wò ó. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ọ̀dà wọ́n níbẹ̀ ni? Àwòrán bíńtín bíi páálí ìṣáná! Èmi tí mo ya bàtà tó ga ju ilé lọ fún oníbàtà, tí wọ́n ń rí i láti orí afárá! Ìbéèrè kejì: níbo ni ọ̀rọ̀ wà? Ọ̀nà rèé, omi òjò rèé, ògiri rèé. Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀? Ta ló ni ibẹ̀? Àwòrán tí kò ní lẹ́tà lára dà bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tí kò sọ̀rọ̀.

Ìkẹta ló ká mi lára jù. Àwọn ènìyàn dà? Ọ̀nà gbọọrọ bẹ́ẹ̀, ẹyọ ẹnì kan ò sí níbẹ̀, ajá pàápàá ò sí. Káfíńtà ní bóyá wọ́n ti lọ jẹun. Mo ní kó panu dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, èmi náà rò ó. Ṣé o ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀? Ṣé ẹnì kan ń bá ọ jẹun? Òótọ́ ni kó o sọ fún mi.

Bó bá wá jẹ́ ojú ọ̀gá: omi tó dúró sójú ọ̀nà yẹn, mo fọwọ́ kàn án kí n tó rántí pé ọ̀dà ni. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí orí má baà wú ọ.

Bí o bá rí búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, bá mi fi méjì ránṣẹ́. Ti ọ̀dọ̀ wa níbí ń re irun sínú lẹ́tà mi bí ológbò.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò tíì fẹ̀yìn tì, ohun yòówù tí wọn ì báà sọ fún ọ,
Bàbá Sáìnbọ́ọ̀dù


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Mo rẹ́rìn-ín lórí lẹ́tà yín títí obìnrin tó ń ká aṣọ lódìkejì mi fi ní kí n kà á fún òun náà. Ẹ rí i, mo ní ọ̀rẹ́. Àbúrò ló máa ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Òun ló ń bá mi jẹun. Kí ọkàn yín balẹ̀.

Bàbá, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ torí pé mi ò ta nǹkan kan. Kí ènìyàn kàn dúró díẹ̀ kó wò ó ni. Ẹ wo ìkejì tí mo fi sínú páálí yìí. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà ní wọ́ọ̀dù kẹrin, ẹni tí mo máa ń gbé aṣọ ibùsùn lọ fún. Ìyàwó rẹ̀ mú òdòdó aláwọ̀ ìyeyè wá fún un, kò sì sí nǹkan tí wọ́n máa kó o sí. Ni bàbá bá yọ eyín rẹ̀ nínú ife, ó kó òdòdó síbẹ̀, ó ní òdòdó nílò omi ju eyín lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jẹun láìléyín torí òdòdó ìyàwó rẹ̀. Òun ni mo yà yẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ kankan tún kù tí mo lè kọ sábẹ́ ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ pàtàkì rèé. Àwòrán kẹta tó wà nínú páálí, èyí tí mo fi aṣọ wé, àgbàlá ilé wa ni. Orí ni mo fi yà á. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. Ògiri rèé, fèrèsé rèé, òdòdó pupa tó ń gun ògiri, bẹ́ńṣì lábẹ́ fèrèsé. Ẹ bá mi wò ó bóyá mo rántí dáadáa. Ṣé irin fèrèsé yẹn mẹ́ta ni àbí mẹ́rin? Níbo ni òjìji ògiri máa ń dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún mi, èmi máa tún un ṣe níbí. Kí ẹ sì tètè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, torí àgbàlá yìí ni ìkejìlá, òun ni ìyá ilé ìkàwé fẹ́ gbé sí àárín gbùngbùn.

Búrọ́ọ̀ṣì yín wà nísàlẹ̀ páálí. Mẹ́ta ni mo rà.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Pẹ́ńsùlù


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Pẹ́ńsùlù mi,

O kú iṣẹ́ o! O kú ọpọlọ! Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó kọ lẹ́tà yìí, ìdúró ni mo wà.

Irin fèrèsé náà, mẹ́rin ni. O ya mẹ́ta, mo ti fi ìkẹrin sí i. Òjìji ògiri máa ń dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, mo ti mú un débẹ̀. O ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo ni mo ti ń fi ẹnu tún iṣẹ́ ṣe? Gbogbo ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló mọ̀: bó o bá ti gbé iṣẹ́ síwájú mi, búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń dá ọ lóhùn. Búrọ́ọ̀ṣì tí o fi ránṣẹ́ gan-an ni mo lò. Ó ń rìn bí ẹni ń rìn lórí òróró.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé o gbàgbé nǹkan kan, nǹkan ńlá. Bẹ́ńṣì ṣófo! Mo ti fi ìyá rẹ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọdún kẹfà rèé tó ti fi wá sílẹ̀, àmọ́ nínú àgbàlá yẹn, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbo ló tún fẹ́ wà? Mo gbé aṣọ tó ń rán lé e lẹ́sẹ̀, mo gbé agolo bọ́tìnnì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo jẹ́ kó yíjú sí fèrèsé, bí ẹni tó ń bá ẹni inú ilé sọ̀rọ̀. Búlúù tó dára jù nínú ọ̀dà mi ni mo fi ya ìró rẹ̀, ọ̀dà elépo gidi, òjò ò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Nísàlẹ̀, mo kọ ILÉ WA, lẹ́tà ńlá, pupa, mo fi funfun yí i ká. Nọ́ńbà fóònù mi wà ní igun ọwọ́ ọ̀tún, kò tóbi rárá, bóyá ẹnì kan nínú àwọn tó máa wá wò ó lè nílò sáìnbọ́ọ̀dù. Káfíńtà ti kan férémù sí i, méjì tó kù wà nínú páálí pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ọ̀fẹ́ ni, kó o sì mọ̀ pé òun kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ní báyìí, ọmọ mi, ó dáa. Mo sọ ọ́. Ó dáa!

Bàbá rẹ tó ń yangàn kiri àdúgbò,
Bàbá Sáìnbọ́ọ̀dù


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Páálí náà dé lánàá.

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ya àwòrán yẹn. Ògiri nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kùn ún kí àwọ̀ rẹ̀ tó jọ ti ògiri wa. Ẹ wá lọ gbé ọ̀dà ilẹ̀kùn lé e lórí. Ọ̀dà tèmi ò tàn, tiyín ń dán yanranyanran bí òróró tó dà sáṣọ. Mo fi sípírítì tí wọ́n fi ń nu ọgbẹ́ rọra nù ún. ILÉ WA ò kúrò, ògiri ló kúrò. Ẹ tún wá kọ nọ́ńbà fóònù, Bàbá! Ìyá ilé ìkàwé bi mí bóyá iye tí mo fẹ́ tà á nìyẹn.

Mo kọ ọ́ pé kí ẹ sọ fún mi nínú lẹ́tà. Mo kọ ọ́ gbangba. Ẹni tí mo ní kó kín mi lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ta ló ní kí ẹ fi Màámi síbẹ̀? Ẹ ní mo gbàgbé. Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi bẹ́ńṣì yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ìgbà tó ń ṣàìsàn, mi ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ sin ín, ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba, bí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Inú ilé ìfọṣọ ni mo wà lọ́jọ́ náà, tí mò ń ká aṣọ funfun. Ọmọ tí kò wá sin ìyá rẹ̀, ojú wo ló fẹ́ fi wò ó kó tó lè yà á?

Èyí tó wá dùn mí jù, ẹ mú un kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ọdún mẹ́fà ni ẹ fi gbé e mì, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì sọ ọ́ jáde. Ó ti yé mi.

Mi ò ní kí ẹ bá mi kí Káfíńtà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé, mi ò rí èsì. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yẹn gbóná jù. Ẹyin lohùn, mo sì mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gún tí mo sọ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ sí bàbá rẹ̀.

Wọ́n gbé àwòrán kọ́ lọ́jọ́ kẹta oṣù yìí. Mọ́kànlá ni. Àárín ògiri ṣófo, ni ìyá ilé ìkàwé bá gbé aago kọ́ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn wá. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ká aṣọ wọ bàtà gíga wá, ó dúró níwájú ife eyín yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá kan fọwọ́ kan omi tó wà lójú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣe. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí ni mò ń yíjú wò ó, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé.

Mo pe fóònù yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e.

Ọmọ yín,
Pẹ́ńsùlù


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ bá mi wí. Ẹ bú mi. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, pupa, bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ mọ́.

Mo pe Káfíńtà. Ó ní ara yín le, ẹ ń jẹun, ẹ kàn máa ń gbé àga sí àgbàlá ni, ẹ máa ń jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó ní òun dá àpárá mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ò dáhùn ọ̀kankan. Káfíńtà tí kì í bẹ̀rù nǹkan kan, ẹ̀rù wà lóhùn rẹ̀.

Mi ò ní ìyá mọ́. Ẹ má sọ mí di aláìníbaba lójú ayé yín.

Pẹ́ńsùlù


Ogúnjọ́, oṣù keje

Pẹ́ńsùlù mi,

O kú ìdúró. Má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi í nu búrọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe ìbínú ló pa mí lẹ́nu mọ́, ìtìjú ni. Bàbá kì í fẹ́ kí ọmọ rí ìhòòhò òun, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí, ìhòòhò ni.

Kọ́kọ́ gbọ́ tìrẹ ná. O ní mo fi ẹ̀yìn ìyá rẹ bá ọ wí torí pé o ò wá sin ín. Háà! Ta ló fi ìyẹn sí ọ lórí? Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló ní kí n má jẹ́ kó o wá. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bí ọmọ yẹn bá fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi, màá jí bá ọ jà." O mọ̀ ọ́n. Ó lè jí lóòótọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo jẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ò bèèrè. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, o ò dárúkọ rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí inú bí ọ yìí. Mo ní bóyá bó o ṣe ń gbé ẹrù tìrẹ nìyẹn, ni èmi náà bá gbé tèmi sínú. Nígbà tí mo wá rí bẹ́ńṣì tó ṣófo, àyà mi já. Mo ní, ọmọ yìí ti gbàgbé ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Bí ìwọ náà bá gbàgbé, ta ló kù?

Torí pé èmi náà, Pẹ́ńsùlù, mo ti ń gbàgbé rẹ̀.

Ìdí tó fi kọ ẹ̀yìn nìyẹn. Mo ya orí, ó jọ ọ́. Mo ya ọrùn. Mo ya èjìká òsì tó máa ń ga díẹ̀ nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó kan ojú, búrọ́ọ̀ṣì dúró. Mi ò rí nǹkan kan. Mo pa ojú dé, mo là á, mi ò rí nǹkan kan. Èmi tí mo bá obìnrin yẹn gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Mo gbé fọ́tò wá. Ẹni tó wà nínú fọ́tò dúró ṣánṣán, ó ń retí kí oní-fọ́tò ṣe tán. Ìyá rẹ kọ́ nìyẹn, ìyá rẹ ò dúró ṣánṣán rí láyé. Ni mo bá yí i sí fèrèsé, mo parọ́ pé ó ń bá ẹni inú ilé sọ̀rọ̀. Mi ò sọ fún Káfíńtà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi ò sì rí ojú mọ́.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo gbé àga sí àgbàlá, mò ń jókòó kọjú sí bẹ́ńṣì lójoojúmọ́, bóyá ojú yẹn á padà wá. Kò wá.

Ṣé ìwọ ṣì ń rí i? Bó o bá ṣì ń rí i, yà á fún mi. Mo bẹ̀ ọ́.

Ní ti àwòrán rẹ tí mo bà jẹ́: iṣẹ́ náà ti dáa kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọwọ́ mi ló yá ju ojú mi lọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ara, ẹ kú gbogbo ohun tí ẹ dá gbé láìsọ fún wa.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ni mo ti ka lẹ́tà yín, torí ibẹ̀ ni ariwo ti pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ẹni tó bá fẹ́ sunkún lẹ́nu iṣẹ́ máa ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi wá mi débẹ̀. Ó kó aṣọ tèmi mọ́ tirẹ̀, ó ń ká a lọ. "Màá jí bá ọ jà." Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn! Ọdún mẹ́fà ni mo fi ru ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò dì fún mi.

Bàbá, mò ń rí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti wò ó.

Mo gba ọjọ́ méjì lẹ́nu iṣẹ́. Mo fa kọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa, mo jókòó. Ojú náà ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo yà á. Àkọ́kọ́ jọ èmi. Ìkejì jọ àǹtí wa tí ẹ ò fẹ́ràn, mo yára pa á rẹ́. Gbogbo bí mo ṣe ń ya ẹnu, irọ́ ni. Nígbà tó yá, mo fi ẹnu sílẹ̀, mo ya òwú tó máa ń fi eyín já. Ni ẹnu bá tẹ̀lé òwú. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ojú rẹ̀ kan máa ń kéré ju ìkejì lọ bó bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì máa ń fi ojú kékeré yẹn náà wò mí nígbà tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo sọ bàtà nù? Mo ní wọ́n jí i gbé. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán, ó ń dúró kí n parọ́ tán. Ojú ọjọ́ yẹn ni mo yà.

Òdòdó pupa wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dà olómi ni gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi bí kò bá jọ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án mìíràn ló máa gbà mí, màá yà á.

Ẹ dárí ọ̀rọ̀ ẹnu mi jì mí. Ẹ bá mi kí Káfíńtà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ yín, ọmọ rẹ̀,
Pẹ́ńsùlù


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Pẹ́ńsùlù, ọmọ ìyá rẹ̀,

O kú iṣẹ́.

Òun ni.

Bébà kejì tí o fi wé e ṣì wà lára rẹ̀ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo pariwo, mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí!" Káfíńtà sáré wọlé, ó rò pé mò ń bá oníbàárà jà ni. Nígbà tó rí i, ó tu gbogbo ìṣó ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà." Mo sunkún, mi ò ní fi bò fún ọ. Mo sunkún níwájú rẹ̀, òun náà sì kọjú sí pákó tó ń fá lọ́hùn-ún bí ẹni pé pákó ló ń sunkún. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní bí òun bá kú, ìwọ ni kó o ya òun, kí n má fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ náà dáa. Ojú ọ̀gá ni mo fi wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mo gbé e sórí tábìlì ìjẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, inú mi ń dùn, síbẹ̀ nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi. Ojú tó fi ń wo ọmọ lo yà. Kò fi wò mí rí. Ojú mìíràn ló fi ń wo èmi, ìwọ ò sì lè mọ̀ ọ́n, torí bó o bá ti wọlé báyìí, ó ti yí i padà. Bí mo ṣe ń wo tìrẹ, mò ń sọ fún ara mi pé rárá, ibí yìí, bó bá jẹ́ èmi ni, á ga díẹ̀. Etí ẹnu yìí, bó bá jẹ́ èmi ni, á wá sísàlẹ̀. Kí n tó mọ̀, tèmi ti padà dé.

Mo ti ń yà á. Mo ní kí Káfíńtà gé pákó bí àtẹ́lẹwọ́ fún mi, ó ní ṣé oníṣẹ́ ńlá ti dẹni kékeré ni, mo ní kó gé e. Ìyá rẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ó kọjú sí mi. Ó rọra ń bínú. Ó jọ pé mo tún ti pẹ́ délé.

Bàbá rẹ